Ẹ̀tù Àfojúwọ̀n: Ohun Tí Ìtàn Ìbọn Nílẹ̀ Yorùbá Ń Kọ́ Wa Nípa Ọta Àfọwọ́kì



Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ ààbò ló gba orí gbogbo gúrúùpù wa. Ẹnì kan á ní ká dáwó fún àwọn ọdẹ, ẹlòmíì á ní èyí tí a dá níjọ́sí dà? Láàárín àríyànjiyàn yìí ni gbólóhùn kan ti máa ń yọjú, tí a kì í dúró yẹ̀ wò: "Ọta ìbọn ti wọ́n jù, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ máa ṣe é níbí." Wọ́n á ní alágbẹ̀dẹ ń bẹ, pé kóro ọta tí wọ́n ti yìn wà nílẹ̀ tí a lè ṣà jọ, pé ẹ̀tù kò wọ́n, kí ló tún kù? Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ìléwọ́ làwọn fẹ́, pé ṣakabùlà ti di ti àná.

Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́, ẹ jẹ́ ká jọ wo ẹ̀yìn wò. Ó ti tó igba ọdún tí ìbọn ti di ohun ìjà nínú ogun ilẹ̀ Yorùbá, àti láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ń tẹ̀ lé e kiri: ta ló wọn ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀? Ìbéèrè yìí ló ń yà ọdẹ tó padà sílé sọ́tọ̀ kúrò lára ọdẹ tí wọ́n gbé wálé.

Bí ìbọn ṣe wọ ọ̀rọ̀ wa

Ogun Òwu ti àwọn ọdún 1820 ni àwọn òpìtàn sábà máa ń tọ́ka sí. Àwọn Ìjẹ̀bú, tó sún mọ́ etí òkun, ti ń ra ìbọn àti ẹ̀tù lọ́wọ́ òyìnbó. Àwọn Òwu ní tiwọn, idà àti àdá agedengbe ni wọ́n gbójú lé. Akin ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n àdá kì í dé ibi tí ọta dé. Láti ìgbà náà, kò sí olórí ogun tí kò wá ọ̀nà tí ẹ̀tù yóò fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìbọn tó wọlé nígbà náà ni à ń pè ní ṣakabùlà. Òyìnbó ń pè é ní Dane gun, nítorí orúkọ àwọn ará Denmark tí àwọn náà ń ṣòwò ní etíkun wa. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Belgium ni wọ́n ti ń rọ ọ́. Ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń kì í. Èèyàn á da ẹ̀tù sí i, á fi nǹkan dí i, á wá ju ọta lé e lórí. Bí kò bá sí ọta gidi, ègé irin láti ilé alágbẹ̀dẹ á ṣe é, òkúta wẹ́wẹ́ náà á ṣe é.

Ẹ wá wò ó. Nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn, ẹni tó di ìbọn mú ni yóò pinnu iye ẹ̀tù tí yóò dà sí i. Ọdẹ tó mọṣẹ́ ní ohun tó fi ń wọ̀n ọ́n, kì í sì í kọjá rẹ̀. Ẹni tí kò mọṣẹ́, tàbí tí ẹ̀rù ń bà, tàbí tó fẹ́ kí ìró ìbọn tirẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n. Títí di òní, níbi ìsìnkú ọdẹ tàbí ọdún Ògún, ìbọn tí wọ́n kì ní àkìjù kí ó lè dún gan-an wà lára èyí tó ń fọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀ o. Ayẹyẹ ni.

Àwọn tó ń rọ ìbọn náà bẹ̀rù rẹ̀

Ẹ má rò pé àìmọ̀kan ilẹ̀ adúláwọ̀ nìkan ló fa èyí. Àwọn tó ń rọ ìbọn gan-an mọ̀ pé irin tó bá jẹ́ ẹlẹ́gẹ́ yóò pa oníbàárà wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn arọ̀bọn ti London fi gba ìwé àṣẹ ọba ní 1637. Liège ní ilé ìdánwò ìbọn láti 1672. Ní 1813, àwọn arọ̀bọn Birmingham fúnra wọn ló lọ bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n fún àwọn láṣẹ láti kọ́ tiwọn, owó ara wọn ni wọ́n sì fi kọ́ ọ.

Iṣẹ́ ilé ìdánwò yìí rọrùn láti yé wa. Wọ́n á mú ìbọn tuntun, wọ́n á ki ẹ̀tù sí i ju èyí tí a máa ń lò lọ, wọ́n á fi í sí ibi tí èèyàn kò sí, wọ́n á yìn ín. Èyí tó bá fọ́, ó fọ́ níbẹ̀. Èyí tó bá dúró, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i lára. Òǹtẹ̀ yẹn ń sọ fún ẹni tó rà á pé irin yìí ti rí ohun tó ju ohun tí ìwọ yóò fojú ẹ̀ rí lọ.

Èmi kò mọ ìlú kan nílẹ̀ wa tí alágbẹ̀dẹ ti ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn alágbẹ̀dẹ wa gọ̀. Ọmọ Ògún ni wọ́n, wọ́n mọ irin bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Wọ́n lè wo ìbọn kí wọ́n sì rọ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kò lè rí ibi tí irin ti là nínú, ọwọ́ kò sì lè wọn agbára tí ẹ̀tù ní. Ìdánwò àti òṣùwọ̀n ló lè ṣe ìyẹn.

Kírìjì, àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ra ìbọn

Ibí yìí gan-an ni ìtàn ti kan ẹgbẹ́ wa àti irú ẹgbẹ́ wa.

Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn rán àwọn èèyàn lọ sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, kí wọ́n lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù. Àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà. Bí ogun ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí ọ̀nà ẹ̀tù. Kò pẹ́ tí àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn tí àjàgà Ìbàdàn ti sú fi kóra jọ, tí wọ́n pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀. Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí wà níbẹ̀, Ògèdèǹgbé ti Ìlẹ́ṣà sì wá di olórí ogun. Ní àárín àwọn òkè tó wà lágbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti kojú ara wọn. Wọ́n ní ìró ìbọn tó ń dún láàárín òkè wọ̀nyẹn ló fún ogun náà lórúkọ: Kírìjì.

Ní Èkó nígbà náà, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣòwò, tó ń ṣiṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn sì ti oko ẹrú padà bọ̀, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dáwó. Wọ́n fi owó náà ra ìbọn ìgbàlódé, Snider àti irú rẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sílé gba ọ̀nà Oǹdó tí Gómìnà Glover ti là ní 1872. Ṣé ẹ rí i pé àwa kọ́ ni àkọ́kọ́ tí yóò wà lẹ́yìn odi tí yóò máa ronú ààbò ilé.

Kí ló mú kí ìbọn yẹn yàtọ̀? Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pọ̀, wọ́n sì mọ ogun jà. Ṣakabùlà ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Snider, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé ní 1866, ìdí ni wọ́n ti ń kì í, kì í ṣe ẹnu. Ọta rẹ̀ ń lọ jìnnà, ó sì yára kì. Ṣùgbọ́n ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ìbọn yẹn kò lè dá ṣe nǹkan kan. Ó ní irú ọta tirẹ̀, kátíríìjì tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Boxer ṣe ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní Woolwich. Ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀, ọta ti wà lórí rẹ̀, ohun tó ń ṣáná sí i ti wà ní ìdí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló wọ̀n ọ́n, ìkọ̀ọ̀kan bá èkejì mu. Pẹ̀lú irú ìbọn yìí, jagunjagun Yorùbá di ìbọn mú láì jẹ́ pé òun ló ń pinnu iye ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní Èkó kò lè ra ìbọn lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì jókòó. Ìbọn ìgbàlódé tí kò ní ọta tirẹ̀, ọ̀pá lásán ni. Ọ̀nà Oǹdó gbọ́dọ̀ ṣí, owó gbọ́dọ̀ máa lọ.

Ogun náà kò sì tipa ìbọn parí. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín ibùdó méjèèjì títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886. Síbẹ̀, ó di 1893, nígbà Gómìnà Carter, kí àwọn ibùdó tó tú ká pátápátá.

Ìdí tí ṣakabùlà fi kù lọ́wọ́ wa

Ẹ lè béèrè pé, bí àwọn bàbá wa ti di ìbọn ìgbàlódé mú ní Kírìjì, kí ló wá dé tí ọdẹ tiwa ṣì ń gbé ṣakabùlà kiri? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé. Ní oṣù Keje 1890, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels. Lára ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé wọn kò gbọdọ̀ kó ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ wọ apá tó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà mọ́, àfi níbi tí ìjọba bá fàyè gbà á. Ìbọn àtijọ́ àti ẹ̀tù dúdú lásán ni wọ́n fi sílẹ̀ fún aráàlú, lábẹ́ ìṣọ́.

Òfin ìbọn ti Nàìjíríà, ti 1959, ṣì gba ọ̀nà yẹn. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àti irú rẹ̀ wà ní ọ̀tọ̀, ìwé àṣẹ ni a fi ń ní in. Ìbọn ọdẹ tó ń lo kátíríìjì wà ní ọ̀tọ̀, láìsẹnsì Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni. Ìléwọ́ ńkọ́? Inú àwọn tí wọ́n kà léèwọ̀ ló wà, pẹ̀lú ìbọn ológun àti bọ́ǹbù. Òfin náà tilẹ̀ dárúkọ ìléwọ́ àtijọ́ pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní tòun kò sí níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní ọdún 10. Ẹni tó bá sì ń rọ ìbọn tàbí tó ń ṣe ọta láìgba àṣẹ, òun náà wà nínú ewu ẹ̀wọ̀n kan náà.

Ìwọ̀nyí ló kóra jọ bí ọta àfọwọ́kì. Èyí tí òfin fi sílẹ̀ ti gbó, èyí tí èèyàn fẹ́ kò bófin mu, èyí tó bófin mu wọ́n. Ni àwọn ọmọ bá lọ rọ ìléwọ́ láti ara páìpù, wọ́n wá ń wá ohun tí wọn yóò kì sí i.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú irin yẹn?

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé wa. Ẹ̀tù tí Snider lò ní Kírìjì, ẹ̀tù dúdú ni, bíi ti ṣakabùlà. Ní 1884, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Paul Vieille ṣe irú ẹ̀tù mìíràn tí kì í ṣe èéfín púpọ̀. Òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló wà nínú ọta òde òní. Ojú lè má mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀tù méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀kún ìdérí ìgò kan náà lè yìnbọn dáadáa nínú ọ̀kan, kó sì fọ́ ìbọn túútúú nínú èkejì.

Ẹ wo táyà mọ́tò. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í ju bíi bar 2 sí 3 lọ, síbẹ̀ ẹ mọ ohun tí táyà tó bẹ́ ń ṣe. Ọta ìléwọ́ 9mm tí ilé iṣẹ́ ṣe, agbára inú rẹ̀ lè tó bar 2,350, ní ìṣẹ́jú akàn. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan ni ti táyà. Bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni èyí tí wọ́n wọ̀n dáadáa o! Irin ìbọn gidi ni wọ́n rọ láti gba èyí. Páìpù omi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àkìjù nìkan kọ́ ni ewu. Àìkìtó náà wà. Bí ẹ̀tù bá kéré, ọta lè há sínú ìbọn. Ẹni tó yìn ín á rò pé kò ró dáadáa lásán, á tún yìn ín. Èkejì á lọ kọlu ti àkọ́kọ́ nínú irin, irin á sì là ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Kóro ọta tí wọ́n ṣà nílẹ̀ náà ní ìjàǹbá tirẹ̀. Ó ti ràn nígbà àkọ́kọ́, idẹ rẹ̀ ti rẹ̀, ó lè ya, kí iná sì gba ẹ̀yìn yọ sójú ẹni tó yìn ín. Ohun tó ń ṣáná ní ìdí ọta náà ní ewu tirẹ̀, kò nílò ìbọn kí ó tó bú. Ìkọlù kékeré tó o.

Lóòótọ́, ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ mìíràn, àwọn kan ń ki ọta fúnra wọn nínú ilé, òfin sì gbà wọ́n láyè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ní: òṣùwọ̀n tó ń wọn ohun tó kéré ju ọkà bàbà lọ, ìwé tí ilé iṣẹ́ ẹ̀tù tẹ̀ jáde, ẹ̀tù tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí, àti ìbọn tó ti gba òǹtẹ̀ ìdánwò. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, ìbọn ṣì ń fọ́ mọ́ àwọn mìíràn lọ́wọ́. Kí wá ni ti ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú rẹ̀, tó jẹ́ ojú ló fi ń wọ̀n?

Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí á dojú ìbọn kọ òun? Pẹ̀lú ọta àfọwọ́kì, ẹni tó di ìbọn mú ti dojú rẹ̀ kọ ara rẹ̀ kó tó rí ọ̀tá.

Kí ni ká wá ṣe?

Ẹnikẹ́ni kò ní ká fi ilé sílẹ̀ fún olè àti ajínigbé. Ẹni tí wọ́n ti jí èèyàn rẹ̀ gbé kò fẹ́ gbọ́ ìwàásù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ ní Èkó kò jókòó lásán, àwa náà kò ní jókòó. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni ohun tí ilé iṣẹ́ ti wọ̀n. Wọn kò fi owó ránṣẹ́ pé kí ọmọ alágbẹ̀dẹ lọ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ ìdáwó bá tún yọjú ní gúrúùpù, ẹ fi ìwọ̀nyí sọ́kàn:

Àkọ́kọ́, kí owó ìlú má ṣe ra ọta àfọwọ́kì, kó má sì ra ìléwọ́ rárá. Bí ìbọn bá fọ́ mọ́ ọmọ kan lọ́wọ́, owó wa ló gé ìka rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá sì mú un, owó wa ló rán an lẹ́wọ̀n.

Èkejì, owó tí a fẹ́ fi ra ọta, ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ nínú rẹ̀ gba ìwé àṣẹ àti láìsẹnsì fún àwọn ọdẹ tó forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n lè ra èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe lójú ọ̀nà. Iná tọ́ọ̀ṣì, rédíò ìbánisọ̀rọ̀, bàtà, ọ̀kadà àti epo náà ń dáàbò bo ìlú, wọn kì í sì í fọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn àgbà ọdẹ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ohun tí wọ́n mọ̀: pé a kì í wọn ẹ̀tù níbi tí iná wà, pé a kì í kì í kọjá ìwọ̀n nítorí ariwo, àti pé bí ìbọn bá kọ̀ tí kò ró, a kì í yọjú wo ẹnu rẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ kọ ibi tí èèyàn kò sí, ẹ sì ní sùúrù, nítorí ó lè pẹ́ kó tó bú.

Ẹ̀kẹrin, bí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá. Ẹ má gbé e pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kò mọ ọ̀rọ̀ òfin.

Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ ka èyí sétí àwọn ọmọ tó wà ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ, àwọn tí kò sí lórí fóònù. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi, ẹ fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ìdílé yín. Bí ìpàdé bá sì tún pé, tí ẹnì kan bá dìde pé kí àwọn ọmọ máa ṣe ọta níbí, ẹ bi í léèrè kan péré: ta ni yóò wọn ẹ̀tù rẹ̀?

Ògún kò ní fi wá ṣe ẹran jẹ o. Ìlú wa á tòrò.